Tí Oúnjẹ Bá Di Ọ̀tá: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Àìsàn Oúnjẹ Jíjẹ

  Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì.

Tí ẹnì kan ò bá jẹun nílé-ìwé wa, àlàyé mẹ́rin péré la máa ń ṣe fún un. A ó ní kò lówó lọ́wọ́. A ó ní ó ń gbààwẹ̀. A ó ní ọgbẹ́ inú, ìyẹn ọ́sà, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tí kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó ní ṣakará ló ń ṣe, pé ó fẹ́ rí bí àwọn tó ń rí lórí fóònù. Nígbà míì, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n àlàyé karùn-ún wà tí a kì í sọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ pé ó wà: ó lè jẹ́ pé ara onítọ̀hún ò yá. Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà oúnjẹ gan-an ló ń gbà mú èèyàn. Ó lè pa èèyàn. Ó sì ṣeé wò, pàápàá tí a bá tètè rí i. Ohun tí mo fẹ́ ká mọ̀ kí a tó kúrò níwájú ògiri yìí nìyẹn.

Àìsàn wo nìyí?

Àwọn dókítà ka àìsàn oúnjẹ jíjẹ mọ́ àìsàn ọpọlọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Tí a bá ti gbọ́ "àìsàn ọpọlọ", wèrè tó ń rìn káàkiri ọjà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Kì í ṣe ìyẹn. Ẹni tó ní àìsàn yìí lè máa gba ipò kìíní ní kíláàsì, kí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ó sì máa kí àgbà dáadáa. Inú orí rẹ̀ ni ogun náà wà. Bó ṣe ń ronú nípa oúnjẹ, nípa ìwọ̀n ara rẹ̀ àti nípa ìrísí rẹ̀ ti dàrú débi pé ó ń ba ìlera rẹ̀ jẹ́. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, àmọ́ mẹ́ta la máa ń gbọ́ jù.

Èkíní ni anorexia nervosa. Ẹni tó ní in máa ń dín oúnjẹ kù, á tún dín in kù, títí ara rẹ̀ á fi gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rù pé òun á sanra ń bà á, kódà nígbà tí eegun ìhà rẹ̀ ti ń yọ síta. Tó bá wo dígí, ohun tí èmi àti ìwọ ń rí kọ́ ló ń rí. Dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Gull, ló fún àìsàn náà lórúkọ yìí lọ́dún 1873. Lọ́dún kan náà, dókítà míì ní ilẹ̀ Faransé, Charles Lasègue, kọ̀wé nípa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí Instagram. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ fóònù nìkan ni.

Èkejì ni bulimia nervosa. Ẹni tó ní in máa ń jẹ oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní kọ̀rọ̀, á dà bíi pé kò lè dá ọwọ́ dúró. Tó bá jẹ ẹ́ tán, ojú á tì í, ẹ̀rù á bà á, á wá ọ̀nà láti gba oúnjẹ náà kúrò nínú ara. Ẹlòmíì á mọ̀ọ́mọ̀ bì í. Ẹlòmíì á lo oògùn tó ń múni yàgbẹ́. Ẹlòmíì ò ní jẹun fún odindi ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tàbí kí ó máa sáré títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi ní gbé e mọ́. Ara onítọ̀hún lè má tín-ín-rín rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ fi lè wà níbẹ̀ fún ọdún méjì kí wọ́n má mọ nǹkan kan. Gerald Russell, dókítà ọpọlọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ lábẹ́ orúkọ yìí lọ́dún 1979. Diana, ìyàwó ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n BBC lọ́dún 1995 pé òun ti ní bulimia rí. Ẹ wò ó o, ẹni tó ń gbé láàfin, tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní binge eating disorder. Ó jọ bulimia ní ti pé èèyàn á jẹun títí inú á fi máa dùn ún, kódà nígbà tí ebi ò pa á. Àmọ́ kì í bì í, kì í sì lo oògùn láti yà á jáde. Ó máa ń dá jẹun kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Ọdún 2013 ni àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún un ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń mọ àwọn àìsàn ọpọlọ. Orúkọ tí àwa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ̀bìà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ dùn mọ́ wọ̀bìà lẹ́nu, ó sì lè jẹ ẹ́ níwájú gbogbo ayé. Ẹni tí mò ń sọ yìí, omijé ló ń fi jẹ ẹ́.

Kí ẹ má bàa ṣì mí gbọ́: ẹni tó gbàgbé láti jẹun láàárọ̀ nítorí pé ó ti pẹ́ kò ní àìsàn yìí. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ Ramadan tàbí ààwẹ̀ ìjọ rẹ̀, tó sì ń fi ayọ̀ ṣínu nírọ̀lẹ́, kò ní in. Ẹni tó jẹ ìrẹsì àwo mẹ́ta níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní in. Ẹni tí kò sí oúnjẹ nílé wọn náà kò ní in, ebi ló ń pa á, oúnjẹ la ó wá fún un. Ohun tó fi àìsàn yìí yàtọ̀ ni pé oúnjẹ wà níwájú èèyàn, àmọ́ èrò tó wà nínú orí rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jẹ ẹ́ bí èèyàn ṣe ń jẹun, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ àti oṣù.

Ṣé àìsàn òyìnbó ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ nìyẹn. "Àwa tí a ń wá oúnjẹ tí a ó jẹ, ta ló ráyè ìyẹn?" Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé àwọn erékùṣù tó ń jẹ́ Fiji, lórí òkun Pàsífíìkì. Àwọn èèyàn ibẹ̀ jọ wá ní ohun kan: ara tó kún, tó sì lágbára ni wọ́n ń yìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ṣe máa ń rí wa lẹ́yìn ọlidé, tí wọ́n á ní, "Ara rẹ ti wá ń dán o, wọ́n ń tọ́jú rẹ!", bẹ́ẹ̀ ni tiwọn náà rí.

Lọ́dún 1995, tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè kan ní Fiji tó ń jẹ́ Nadroga. Onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Anne Becker, fi ìbéèrè wá àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé níbẹ̀ lẹ́nu wò ní kété tí tẹlifíṣọ̀n dé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé òun ń bì kí òun má bàa sanra. Ó padà lọ lọ́dún 1998, ó bi àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn jọ ti àwọn àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, 11.3 nínú 100 ló sọ pé àwọn ń ṣe é. Ọdún mẹ́ta péré o! Kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn ló ti ní àìsàn náà, àmọ́ ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Àṣà tó ń yìn ará kíkún ò gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ilẹ̀ wa ńkọ́? Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn dókítà ti kọ ìròyìn sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní anorexia. Àwọn òbí wa ò tíì fẹ́ ara wọn nígbà yẹn. Nítorí náà, kì í ṣe òní, kì í sì í ṣe àìsàn àwọ̀ funfun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a kò ní orúkọ tí a ń pè é, ohun tí a kò sì lórúkọ fún, a máa ń fi orúkọ míì bò ó. Ọ́sà. Ààwẹ̀. Ẹ̀mí òkùnkùn. Ṣakará.

Kí ló ń fà á?

Kò sí ohun kan ṣoṣo tó ń fà á. Nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń pàdé nínú ara ẹnì kan.

Àkọ́kọ́ ni ohun tí a bí mọ́ni. Àwa Yorùbá mọ̀ nípa ìbejì, nítorí náà a ó tètè lóye èyí. Ìbejì méjì ló wà: àwọn tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, tí wọ́n jọra bí ìmumu, àti àwọn tó wá láti inú ẹyin méjì, irú èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ rí i pé tí ọ̀kan nínú ìbejì ẹlẹ́yin kan bá ní anorexia, ó ṣeé ṣe kí èkejì náà ní in ju bó ṣe máa rí fún ìbejì ẹlẹ́yin méjì lọ. Èyí fi hàn pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì rí ibi mẹ́jọ nínú jíìnì èèyàn tó kan anorexia. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n rí ní í ṣe pẹ̀lú bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Ẹni tó ní in kò mọ̀ọ́mọ̀ yàn án, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní sickle cell kò ṣe yan tirẹ̀.

Èkejì ni ìwà àti ìdààmú ọkàn. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan òun pé pérépéré, ẹni tí àníyàn máa ń bá jà, ẹni tí wọ́n ti fìyà jẹ tàbí tí wọ́n ti bá ṣe ìṣekúṣe, ẹni tí ìdílé rẹ̀ dàrú. Nígbà tí èèyàn ò bá lágbára lórí ohunkóhun nínú ayé rẹ̀, ó lè rò pé ẹnu òun nìkan ni òun lè ṣàkóso.

Ẹ̀kẹta ni ẹnu àwa èèyàn. Orobo. Lẹ́pa. Eegun lásán. Tánkà. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. A máa ń sọ ọ́ bí àwàdà, kò sì sí ẹni tó máa ń bínú síta. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti rí i léraléra pé fífi ìrísí ṣe ọmọdé yẹ̀yẹ́ wà lára ohun tó ń ti èèyàn sínú àìsàn yìí.

Ẹ̀kẹrin ni àwòrán tí à ń wò. Fọ́tò tí wọ́n ti fi fóònù tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fà sínú, la fi ń wé ara tiwa tí a rí láàárọ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kì í ṣe ọmọbìnrin nìkan o. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ fẹ́ ní àyà gbọọrọ àti ikùn onígun mẹ́fà, àìsàn yìí ń mú ọkùnrin náà. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé ojú máa ń ti ọkùnrin láti sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi í.

Ẹ̀karùn-ún yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kà á: ebi fúnra rẹ̀ máa ń da orí èèyàn rú. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, láàárín ọdún 1944 sí 1945, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, kó ọ̀dọ́kùnrin 36 jọ. Ara gbogbo wọn le, ọpọlọ wọn pé, àwọn fúnra wọn ló sì yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n dín oúnjẹ wọn kù sí bí ìdajì fún oṣù bíi mẹ́fà, títí ìwọ̀n ara wọn fi dín ní bí ìdá mẹ́rin. Kí ló ṣẹlẹ̀? Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò. Wọ́n ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìtàn. Wọ́n ń jẹun díẹ̀díẹ̀ kó lè pẹ́ lẹ́nu. Inú ń bí wọn sódì, ìbànújẹ́ dé bá wọn, òtútù ń mú wọn, wọn ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ń jẹun padà, àwọn míì ń jẹ àjẹjù tí wọn ò lè dúró. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo kàn fẹ́ fọn díẹ̀" lè bá ara rẹ̀ nínú ihò tí èrò tirẹ̀ nìkan ò lè gbé e jáde. Ebi náà ti di ara àìsàn.

Ohun tó ń ṣe fún ara

Ara tí kò rí oúnjẹ máa ń dín iná kù, bíi ilé tí wọ́n ń fi epo díẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀. Ọkàn á máa lù díẹ̀díẹ̀. Òòyì á máa kọ́ èèyàn tó bá dìde. Òtútù á máa mú un nígbà tí oòrùn ń ran. Irun orí á máa já, irun wẹ́wẹ́ á sì máa hù sára. Nǹkan oṣù ọmọbìnrin lè dúró. Eegun á rọ, èyí sì burú fún àwa tí a wà ní ọjọ́ orí yìí, torí pé ìgbà ọ̀dọ́ ni ara ń kó eegun tí a ó fi dàgbà jọ.

Ẹni tó ń bì ní tirẹ̀, ásíìdì inú ikùn á máa jẹ ara òde eyín rẹ̀, á máa dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Èyí tó léwu jù ni pé èébì àti oògùn ìyàgbẹ́ ń kó potassium jáde nínú ara. Potassium yìí, tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà, wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn lù geere. Tó bá dín kù jù, ọkàn lè ṣe ségesège, kó sì dúró lójijì. Kò ní fún èèyàn ní ìkìlọ̀. Olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó gbajúmọ̀, Karen Carpenter, kú lọ́dún 1983 lẹ́ni ọdún 32, nítorí ohun tí anorexia ti ṣe fún ọkàn rẹ̀. Anorexia wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń pa èèyàn jù. Kì í ṣe ebi nìkan ló ń pa wọ́n, ìbànújẹ́ ọkàn máa ń mú kí àwọn míì gba ẹ̀mí ara wọn.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ lórí tíì tí wọ́n ní ó ń mú ikùn wálẹ̀, tí àwọn kan ń pín láàárín ara wọn. Ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀, ewé tó ń múni yàgbẹ́ ló wà nínú wọn. Omi ni èèyàn ń yà jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Òṣùwọ̀n á ní o ti fúyẹ́, o mu omi tán, ó ti padà. Ohun tí kò ní tètè padà ni potassium rẹ.

Àwọn àmì tí a lè rí

Dókítà nìkan ló lè sọ pé ẹnì kan ní àìsàn yìí, ẹ má lọ fi ìwé ògiri wa ṣe dókítà. Àmọ́ ọ̀rẹ́ lè ṣàkíyèsí. Ṣé ó máa ń wá àwíjàre nígbàkigbà tí oúnjẹ bá dé, "mo ti jẹun nílé", "inú ń run mí"? Ṣé ó ti ń gé ẹran sí wẹ́wẹ́, tó ń fi ṣíbí yí oúnjẹ káàkiri, tí kò gbé e sẹ́nu? Ṣé ó máa ń sáré lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní kété tó bá jẹun tán? Ṣé ó ń wọ súwẹ́tà nínú ooru? Ṣé ó ń fi ààwẹ̀ lé ààwẹ̀, tí ìjọ rẹ̀ ò sì kéde kankan? Ṣé ó máa ń sọ pé òun sanra nígbà tí gbogbo èèyàn ń bi í bóyá ibà ń ṣe é? Àmì kan ṣoṣo lè má já mọ́ nǹkan kan. Tí wọ́n bá pọ̀, tí wọ́n sì pẹ́, ó yẹ ká sọ̀rọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Dókítà á kọ́kọ́ yẹ ara wò: ọkàn, ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n ara. Tó bá ti burú jù, wọ́n á dá a dúró sí ọsibítù. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀: ẹni tí ebi ti gbẹ fún ìgbà pípẹ́, a kì í fi àmàlà ńlá kan lé e lọ́wọ́ ká ní kó jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ òjijì lè da èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rú, kí ọkàn sì dákú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ebi ti pa dé eegun kú lẹ́yìn tí wọ́n rí oúnjẹ jẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni, lábẹ́ ojú dókítà àti onímọ̀ oúnjẹ.

Lẹ́yìn ara ni ọkàn. Ìtọ́jú kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: aláìsàn á máa bá onímọ̀ jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa tú èrò tó ń dá ẹ̀rù oúnjẹ sílẹ̀ palẹ̀, wọ́n á sì fi oúnjẹ tó ní àkókò rọ́pò rẹ̀. Èyí ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún bulimia àti fún àjẹjù. Dókítà lè fi oògùn kún un, irú bíi fluoxetine fún bulimia, àmọ́ kì í ṣe oògùn tí a ń rà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì fúnra wa.

Fún àwa ọ̀dọ́ tó ní anorexia, ìtọ́jú tó lókìkí jù ni èyí tí ìdílé ń kópa nínú rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1980 sí 1990. Wọn ò ní kí òbí jáde síta. Òbí ni wọ́n á fi oúnjẹ lé lọ́wọ́: wọ́n á máa sè é, wọ́n á jókòó ti ọmọ títí á fi jẹ ẹ́, láìsí èébú, láìsí ẹgba. Bí ara ọmọ bá ti ń yá, wọ́n á máa dá agbára náà padà fún un díẹ̀díẹ̀. Ó rán mi létí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí. Lọ́dún 1954, ní Arò, Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ṣètò kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, kí ìbátan wọn kan sì wà pẹ̀lú wọn. Kì í ṣe nítorí àìsàn oúnjẹ ló ṣe é, àmọ́ ohun tó mọ̀ ni pé èèyàn kì í dá nìkan sàn. Ọmọ Abẹ́òkúta ló sì mọ̀ ọ́n ṣáájú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù.

Ibo la lè lọ? Ọsibítù Arò ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Èyí tó wà ní Yábàá, l'Ékòó, wà níbẹ̀. UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ ibẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀: dókítà ọsibítù tó wà nítòsí ilé yín lè kọ lẹ́tà rán yín lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin ọdún 1958 tó ṣì ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè. Tí òfin bá lè yí ohùn padà, àwa náà lè yí tiwa padà. Tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á, ẹ kàn má fi rọ́pò ọsibítù.

Ohun tí a lè ṣe nílé-ìwé wa

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ èyí. Ní táàmù kìíní, wọ́n wọn kílò wa lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú kíláàsì, wọ́n sì ń pe nọ́ńbà náà sókè kí akọ̀wé lè kọ ọ́. Kí aago tó lù, ọmọ kíláàsì wa kan ti gba orúkọ tuntun. Ó tó oṣù méjì kó tó tún jẹun lójú wa. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni, mo sì mọ̀ pé ẹ ò gbèrò ibi. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n máa wọ̀n wá ní kọ̀rọ̀, kí nọ́ńbà kálukú wà láàárín òun àti olùkọ́. Ìṣirò ìwọ̀n ara tí wọ́n ń lò fún àgbàlagbà kò sì bá àwa ọ̀dọ́ mu bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí pé ọjọ́ orí àti bóyá èèyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ni wọ́n fi ń wo tiwa. A ṣì ń dàgbà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ara sílẹ̀. Ọmọ wa ní orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Tí ẹ bá sì ń ṣàníyàn lórí ọ̀rẹ́ yín, ẹ má sọ ọ́ láàárín èrò. Ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má sọ pé "O ti gbẹ jù", ẹ má sì sọ pé "Ara rẹ ti padà, o ti sanra dáadáa!", torí pé etí rẹ̀ lè fi ìyìn yẹn gbọ́ èébú. Ẹ lè sọ pé, "Mo rí i pé inú rẹ ò dùn lásìkò tí a bá fẹ́ jẹun. Mo wà níbí tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀." Tó bá kọ̀, tó bínú, ẹ má fi í sílẹ̀. Tó bá dákú, tí àyà bá ń dùn ún, tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tó bá ní ayé ti sú òun, ìyẹn kì í ṣe àṣírí mọ́. Ẹ sọ fún àgbàlagbà lọ́jọ́ náà gan-an: olùdámọ̀ràn ilé-ìwé, olùkọ́ tí ẹ fọkàn tán, tàbí òbí rẹ̀. Kì í ṣe òfófó. Ẹ̀mí ni.

Tó bá jẹ́ ìwọ tó ń ka èyí ló ń ṣe, tí o dúró lẹ́yìn àwọn tó kù kí ẹnikẹ́ni má bàa rí bí o ṣe ń kà á: kì í ṣe ìwọ lo jẹ̀bi, kì í sì í ṣe ìwọ nìkan. Ọ̀pọ̀ ló ti ní in, tí wọ́n ti sàn, tí wọ́n ń jẹun lónìí bí ẹlòmíì. Sọ fún ẹnì kan ṣoṣo lónìí. Tí ẹnu rẹ bá wúwo, kọ ọ́ sórí ìwé kékeré kan, kí o fi lé olùdámọ̀ràn lọ́wọ́. "Mi ò lè jẹun, mo nílò ìrànlọ́wọ́" ti tó. Ìyókù, wọn á bá ọ gbé e.